Àjọbí àti Àjọgbé: Ìdí tí Ọmọ Kéú fi Gbọ́dọ̀ Mọ Ọ̀rọ̀ Ìmọ̀ Àwùjọ

 

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí a ṣe kẹ́yìn, ẹ ó rántí pé bàbá kan dìde nígbà tí a sọ̀rọ̀ owó páànù òrùlé tán. Ó ní ọmọbìnrin òun tó jáde Sánáwì lọ́dọ̀ wa, tó sì tún yege nínú wáẹ́ẹ̀kì, ti rí àyè wọ Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún un kò yé òun. Sosiọ́lọ́jì ni wọ́n pè é. Òun bi ọmọ pé kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ọmọ ní bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé pọ̀ ni. Bàbá náà wá bi gbogbo wa pé, "Ta ni kò mọ bí ènìyàn ṣe ń gbé pọ̀? Ṣé torí èyí ni mo ṣe ta kòkó?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní ìmọ̀ òfófó ni. Ẹlòmíràn, tí òun kò rẹ́rìn-ín rárá, ní ìmọ̀ àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ ni, pé ọmọ tó bá ti wọ̀ ọ́ kì í fi tọkàntọkàn padà sí mọ́sálásí mọ́.

Mọ̀dírì wojú mi. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n lọ rò ó wò, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá kan ọjọ́ ọ̀la ọmọ, a kì í fi ìwàǹwára dá a lóhùn. Ìdáhùn mi nìyí. Mo mọ̀ pé kò lè tẹ́ gbogbo yín lọ́rùn.

Kí n tó kọ ohunkóhun, mo ní kí ọmọ náà mú ìwé tó fi ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀ wá kí n wò ó. Ó mú un wá ní ọjọ́ kan tó wálé láti Àkùngbá. Láti ojú ewé kìn-ín-ní títí dé ìkẹsàn-án, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀: àwùjọ, àṣà, èèwọ̀, ipò, ojúṣe, ẹgbẹ́, gbogbo wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti há wọn sórí ṣáká. Mo pe ọ̀kan, ó kà á fún mi láìṣìṣe. Mo ní, "Ó dára. Fún mi ní àpẹẹrẹ kan ní Ọ̀wọ̀ níbí." Ó dákẹ́. Mo pe òmíràn, ó kà á, ó tún dákẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi ni mo ń rín. Báyìí gan-an ni èmi náà ṣe há Àjùrúmíyà sórí nígbà èwe mi, tí mo ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, tó sì jẹ́ pé bí Lárúbáwá kan bá kí mi lójú ọ̀nà, ẹnu mi á wú.

Nítorí náà, ohun tó kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́ nípa ìmọ̀ yìí yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ní ìpàdé. Àwọn ọmọ wa ń kọ́ ọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè òkun ni, bẹ́ẹ̀ àwa ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Auguste Comte ló ṣẹ̀dá orúkọ náà, sosiọ́lọ́jì, ní 1839. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní 460 ọdún ṣáájú ìgbà náà tí ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí kan ti kọ ìwé lórí iṣẹ́ kan náà. Ibn Khaldun ni. Túnísì ni wọ́n bí i sí ní 1332. Àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ti 1348 sí 1349 pa bàbá àti ìyá rẹ̀ nígbà tí kò tíì pé 20 ọdún. Ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọba kan, ó bọ́ sábẹ́ òmíràn, wọ́n gbé e ga, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, títí tí ọ̀rọ̀ òṣèlú fi sú u tó sì lọ jókòó sí ilé olódi kan tí wọ́n ń pè ní Qal'at Ibn Salama, nínú ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlùjíríà lónìí. Ibẹ̀ ló ti kọ Mùkàdímà ní 1377, oṣù 5 péré ló sì fi kọ ọ́. Ó ní àwọn òpìtàn tó ṣáájú òun kàn ń gbé ìròyìn láti ẹnu dé ẹnu ni, wọn kì í béèrè bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ níbi tí ènìyàn bá ń gbé. Wọ́n á ka iye ọmọ ogun tí ilẹ̀ ọba náà kò lè bọ́ láéláé. Ó ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí àwùjọ ṣe ń rìn kí a tó mọ ìròyìn tó lè jẹ́ òótọ́. Ìmọ̀ tuntun tó dá sílẹ̀ yìí ló pè ní ìmọ̀ ùmúráànù, ìyẹn bí àwọn ènìyàn ṣe ń kóra jọ sójú kan tí wọ́n sì ń tẹ ìlú dó. Ìlú Káírò ló kú sí ní 1406, ó sì ti ṣe adájọ́ àgbà níbẹ̀.

Mo ti lé ní 30 ọdún kí n tó ka Mùkàdímà fúnra mi. Ní ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá tí mo lọ, orúkọ ọkùnrin yìí la mọ̀, a ò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Orí kan wà níbẹ̀ tó kọ́kọ́ mú mi. Ó ní bí olùkọ́ bá ń le koko mọ́ ọmọ jù, ó ń ba ọmọ náà jẹ́ ni. Ọmọ á di òpùrọ́ àti ẹlẹ́tàn, á máa fi ojú ṣe ohun tí kò sí ní inú rẹ̀ kí ọwọ́ má baà bà á, ìyẹn á sì di ìwà mọ́ ọn lára títí ayé. Mo ti ń na ọmọ fún ọdún 8 kí n tó ka orí yẹn. Ẹ̀yin tí mo fi pàṣán nà nígbà náà, tí ẹ ti di ìyàwó ilé àti baálé ilé báyìí, ẹ forí jì mí. Ohun tí orí náà ń ṣàlàyé ni àwọn onímọ̀ àwùjọ òde òní fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn: pé a kì í bí ìwà àwùjọ mọ́ ènìyàn, pé ilé, ẹgbẹ́, ilé kéú àti ọjà ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń jẹ́ ènìyàn. A ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Títọ́ ọmọ sínú àwùjọ ni mo pè é fún ọmọbìnrin wa, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì.

Nínú ìwé kan náà, Ibn Khaldun fi bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìlú kan wé ti ìlú mìíràn. Ní Mọ̀rókò àti àyíká rẹ̀, Kùránì nìkan ni wọ́n ń kọ́ ọmọ títí tó fi máa dàgbà. Ní Andalúsíà, wọ́n ń da ewì, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá àti ìwé kíkọ pọ̀ mọ́ Kùránì. Adájọ́ kan, Abu Bakr Ibn al-Arabi, tiẹ̀ dábàá pé kí ọmọ kọ́kọ́ mọ èdè Lárúbáwá àti ìṣírò ná, kí Kùránì tó kà lè yé e. Ibn Khaldun ní ìmọ̀ràn náà dára gan-an, ṣùgbọ́n àṣà kò ní gbà fún un. Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Ọ̀mọ̀wé ńlá gbà pé ohun kan dára, ó sì tún sọ pé àṣà lágbára jù ú lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn onímọ̀ àwùjọ ń pè ní àṣà, òun nìyẹn: ohun tó ń darí wa láìjẹ́ pé ẹnìkan di ọ̀pá mú lé wa lórí.

Èèwọ̀ sún mọ́ ọn. Gbogbo ẹni tó bá ń gbé Ọ̀wọ̀ mọ̀ pé bí ọdún Igogo bá dé, a kì í gbọ́ ìlù ní ìlú, agogo ni wọ́n ń lù. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Kì í ṣe ìjọsìn tiwa, mi ò sì sọ ọ́ láti yìn ín. Mo fẹ́ kí ọmọ kéú wò ó bí olùkọ́ ìṣirò ṣe ń wo igba ẹ̀wà ni. Ta ló kọ òfin náà sórí ìwé? Ọlọ́pàá wo ló ń mú ẹni tó bá dé fìlà? Síbẹ̀, òpọ̀ ènìyàn ló ń pa á mọ́, Kìrìsìtẹ́nì nínú wọn. Ojú ni òfin náà, ojú tí gbogbo ìlú fi ń wo ẹni tó bá rú u. Ọmọ tó bá ti rí ìyẹn yéké, kò nílò láti há ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí mọ́. Àwọn onímọ̀ fíkìhì wa náà mọ èyí, torí wọ́n ń fi ùrúfù, ohun tí àwọn ará ìlú mọ̀ sí àṣà, ṣe ẹ̀rí lórí ọ̀rọ̀ ọjà àti ìgbéyàwó níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti tako òfin Ọlọ́run. Imáàmù Málíkì, tí àwa ará ìhín ń tẹ̀lé, fi ìṣe àwọn ará Mẹ̀dínà ṣe ẹ̀rí nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ní ti ipò àti ojúṣe, ẹ má wulẹ̀ jìnnà sí mọ́sálásí. Àwọn onímọ̀ àwùjọ ní ipò àbínibí wà, ipò àfọwọ́fà sì wà. Ẹni tí wọ́n bí sí ìdílé ọba, àbínibí ni. Ẹni tó kàwé di Imáàmù, àfọwọ́fà ni. Ojúṣe ni ohun tí àwọn ènìyàn ń retí lọ́wọ́ ẹni tó bá wà ní ipò kan. Bàbá Àdínnì, Ìyá Àdínnì, Ìyá Sùnnà, Ọ̀tún Imáàmù: ẹ wá orúkọ wọ̀nyí nínú ìwé hádísì kí ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí wọn. Àwa la fi àwòrán ààfin ọba ilẹ̀ Yorùbá ṣètò mọ́sálásí wa, ó sì ti pẹ́ débi pé àwọn ọmọ rò pé láti Mẹ́kà ló ti wá. Mi ò ní kí a pa wọ́n rẹ́ o. (Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ oyè náà, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin náà lẹ san owó bẹ́ǹṣì kíláàsì wa.) Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ tó mọ ìyàtọ̀ láàrin ìsìn àti àwùjọ tó gbé ìsìn náà wọ̀, kò ní máa ja ìjà ìsìn lórí ohun tó jẹ́ oyè.

Àwọn ọmọ Yorùbá náà ti ṣe nínú iṣẹ́ yìí. N. A. Fadipe kọ ìwé lórí àwùjọ Yorùbá, ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ́nù ní 1939, ó kú ní 1944, ìwé náà kò sì di títẹ̀ títí di 1970 ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinsola Akiwowo ti Yunifásítì Ifẹ̀. Ní 1980, nígbà tó ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀, kò lọ yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn Faransé tàbí Jámánì. Ọ̀rọ̀ Yorùbá 2 ló mú wá: àjọbí àti àjọgbé. Àjọbí ni ìdè àwọn tí ẹ̀jẹ̀ so pọ̀. Àjọgbé ni ìdè àwọn tí ilé, àdúgbò, iṣẹ́ tàbí ìlú so pọ̀, tí wọn kò jọ ní ìyá, tí wọn kò jọ ní bàbá. Ó ní ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà so pọ̀ ló yẹ kí onímọ̀ àwùjọ máa wò, àti ohun tó ń tú u.

Nígbà tí mo ka ìyẹn, Ibn Khaldun ni mo rántí. Ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ jù nínú Mùkàdímà ni àsàbíyyà, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ń mú kí àwọn kan dìde fún ara wọn bí ẹnìkan bá fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ni orísun rẹ̀ tó lágbára jù, ṣùgbọ́n ó tún ní àdéhùn, ìbára-ẹni-gbé àti ààbò lè mú irú rẹ̀ wá. Kódà ó ní ìran fúnra rẹ̀, ohun tí ọkàn ń rò ni; àǹfààní tó wà nínú rẹ̀ ni ìsúnmọ́ra tó ń mú wá. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjèèjì, ọ̀kan ní Túnísì, ọ̀kan ní Ifẹ̀, ó lé ní 600 ọdún láàrin wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń wá ìdí rẹ̀.

Kí ló kan Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ níbẹ̀? Gbogbo rẹ̀ ló kàn wá. Nínú agbo ilé kan níhìn-ín, ẹ máa rí Mùsùlùmí, ẹ máa rí Kátólíìkì, ẹ máa rí ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Bí Iléyá dé, ẹran á lọ yíká, bí Kérésìmesì dé, ìrẹsì á yíká padà. Àjọbí nìyẹn, kò béèrè ìsìn. Ní Ìdóaní nìkan, èdè tí wọ́n ń sọ ju ẹyọ kan lọ. Nínú oko kòkó àti oko iṣu láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ́n, ẹ máa rí Ẹ̀bìrà, Tíífì, Haúsá àti Fúlàní tí wọ́n ti wà láti ìgbà bàbá wọn. Àjọgbé nìyẹn. Ìdè rẹ̀ kò le tó ti ẹ̀jẹ̀, ó sì ń fẹ́ ìtọ́jú lójoojúmọ́.

Ìdè náà já mọ́ wa lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2020, wọ́n pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adeusi, ní Elégbèká lójú ọ̀nà, bó ṣe ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Sunday, àwọn oníbọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St Francis ní Ọ̀wọ̀, ó tó 40 ènìyàn tó kú, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Ọ̀wọ̀ kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣòro kí ẹ rí ilé tí kò mọ ẹnìkan nínú àwọn tó kú tàbí àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ẹ̀rù tó bá wa lẹ́yìn náà, ẹ̀rù gidi ni, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní kíláàsì Ìbítídáì wa nígbà náà, ọmọ kan wà tí bàbá rẹ̀ ń ta màlúù. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí i sí. Yorùbá ló ń sọ ju Fúlàní lọ, ó sì tún ń fi ohùn Ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Nígbà tí a wọlé padà lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn, àwọn ọmọ 4 tí wọ́n jọ máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ jókòó síbòmíràn. Ọ̀kan pe orúkọ kan tí mi ò ní kọ síhìn-ín. Mo gbọ́ ọ. Mo rí bẹ́ǹṣì tó ṣófo. Mo yíjú sí pátákó, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ, torí mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, torí inú tèmi náà kò balẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ náà kò wá mọ́. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ ti kó wọn kúrò ní ìlú. Títí di òní, kò padà wá. Ìwé rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí mi.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé okùn kan náà ni wọ́n so mọ́ èmi lọ́rùn. Ìyá kan wà ní Ọjà Ọba tí mo ti ń ra ata lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbéyàwó. Kì í ṣe Mùsùlùmí. A máa ń ṣàwàdà, á pè mí ní "ọkọ mi Ààfáà." Fún bí oṣù kan lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn, owó nìkan ló ń gbà lọ́wọ́ mi. Ó mọ̀ mí, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n jálàbíà ló ń wò. Inú bí mi. Mo dé ilé, mo ṣàròyé fún ìyàwó mi pé báwo ni ènìyàn á ṣe máa fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí mi ò mọ̀ kà mí sí. Ìyàwó mi dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ńkọ́?"

Ẹ̀yin òbí wa, ní ojú ewé keje ìwé ọmọbìnrin yẹn, ọ̀rọ̀ kan wà tó ṣàlàyé gbogbo èyí. Ó ní bí àwùjọ bá ti lẹ orúkọ kan mọ́ ẹnìkan, wọn kì í rí ẹni náà mọ́, orúkọ náà ni wọ́n ń rí. Àti pé ẹgbẹ́ a máa mọ ara rẹ̀ nípa títọ́ka sí àwọn tí kì í ṣe ara rẹ̀, pàápàá nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á. Mo kà á, mo pa ìwé náà dé. Mo mọ ohun tí Ọlọ́run sọ nínú Sura al-Hujurat nípa ẹ̀yà àti ìran, mo ti ṣe wáàsí lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí mi ò ní lọ́wọ́ ní ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo lè fi fi ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe han àwọn ọmọ ọdún 9. Ká ní mo ní in, bóyá mi ò bá má yíjú sí pátákó.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ẹni tí kò rẹ́rìn-ín ní ìpàdé, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nídìí. Òótọ́ ni pé Comte sọ pé ayé máa kọjá ìsìn, pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló máa rọ́pò rẹ̀. Òótọ́ ni pé Émile Durkheim, Faransé tó wá lẹ́yìn rẹ̀, kọ ọ́ ní 1912 pé ohun tí àwọn ènìyàn ń jọ́sìn fún, àwùjọ wọn fúnra wọn ni. Ọmọ wa máa bá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pàdé ní Àkùngbá, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ṣùgbọ́n èrò àwọn ọkùnrin náà nìyẹn. Ipò, ojúṣe, àṣà àti ẹgbẹ́ kò di tiwọn nítorí pé wọ́n lò wọ́n. Nígbà tí Imáàmù Ghazali fẹ́ dá àwọn onífálísáfà lóhùn, ó kọ́kọ́ kọ ìwé kan tó fi ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń sọ, kó tó kọ èyí tó fi ta kò wọ́n, ó sì sọ pé kí a kọ́ mántíkì, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni mántíkì ti wá. Àwa náà ń kọ́ ọ ní Sánáwì. Ọmọ tí a bá tì sílé kó má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ Durkheim máa gbọ́ ọ lórí fóònù, kò sì ní sí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ti bàbá tó ta kòkó, tó ń béèrè iṣẹ́ tí ọmọ máa ṣe, mi ò lè ṣèlérí iṣẹ́ fún ọmọ ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ yìí. Àwọn tó kọ́ ọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àbójútó ará ìlú, ní ọsibítù, ní ilé-ẹ̀kọ́ àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń ka iye ènìyàn. Àwọn kan nínú wọn kò tíì ríṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan tó kọ́ ìṣirò owó kò ṣe tíì ríṣẹ́. C. Wright Mills, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1959 pé bí ẹnìkan ṣoṣo kò bá níṣẹ́ ní ìlú, ẹ wo ìwà ẹni náà. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí kò níṣẹ́ bá pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìwà, ẹ wo bí a ṣe to ìlú náà. Ẹ ronú sí ìyẹn kí ẹ tó pe ọmọ yín ní ọ̀lẹ.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò pọ̀. Kí a fún kíláàsì ìkẹyìn Sánáwì ní wákàtí 1 lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ Thursday lẹ́yìn Àsárì. Kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ Yorùbá rẹ̀, orúkọ Lárúbáwá rẹ̀ àti ti Gẹ̀ẹ́sì lójú ewé kan, kí àpẹẹrẹ rẹ̀ sì ti inú Ọ̀wọ̀ tàbí Ọ̀sẹ́ wá. Mo ti ń dán an wò láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí pẹ̀lú àwọn tó fẹ́. Ọmọ 11 ló ń wá, ọmọbìnrin 7 nínú wọn. Ọmọbìnrin tó wà ní Àkùngbá ń wá ràn mí lọ́wọ́ bó bá wálé, nísinsìnyí kì í dákẹ́ mọ́ bí mo bá béèrè àpẹẹrẹ. Èmi gan-an ni mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn yòókù sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí kò tíì tẹ̀ wá lọ́wọ́ ni èyí tí àwọn ará Ìdóaní, Ìmèrí àti Ìfọ́n ń pe àlejò tó ti pẹ́ láàrin wọn títí tó fi di ara ilé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nínú yín, kó kọ ọ́ sínú ìwé kó fún ọmọ rẹ̀ mú wá bá mi ní ọjọ́ Thursday.